Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Ìgbàgbọ́ Kọ

Southmere, Thamesmead,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025.

Látífà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Ìyá ńkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì lo béèrè ara mi nínú rẹ̀. Ara mi le koko. Èmi àti Delight ọmọ mi wà nínú ògo.

Ìròyìn tó wà ńlẹ̀ ni pé mo di omi àti ilẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Phoebe tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ará Íńdíà kan, Àǹtí Meena, tó ń kọ́ni ní ìlera ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Ayurveda. Ó ní irú ara mẹ́ta ló wà: ti afẹ́fẹ́, ti iná, àti ti omi òun ilẹ̀, àti pé bí ara ẹni bá ṣe rí ló yẹ kéèyàn máa jẹun. Ó wá fún wa ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè, kí á fi mọ tiwa.

O mọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í fẹnu wa jẹ́wọ́ àìsàn. Wọ́n ní ṣé mo ń sùn dáadáa, mo kọ "bí ọmọ ọwọ́." Wọ́n ní ṣé òòyì máa ń kọ́ mi, mo kọ "mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù." Inú fọ́ọ̀mù ni o. Àǹtí Meena kà á, ó ní omi òun ilẹ̀ ni mí, ara mi ti balẹ̀ jù, oorun mi ti pọ̀ jù. Ó ní kí n fi iṣu, ìrẹsì àti wàrà sílẹ̀, kí n má jẹun àárọ̀, kí n sì máa fẹsẹ̀ yí adágún Southmere ká kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó láàárọ̀ ní Woolwich Dockyard, tí mo tún ń nu ilé àwọn olówó ní Royal Arsenal nírọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni mò ń sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Aṣọ ń bọ́ lára mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní mò ń dán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń wẹ̀ fún ìyá òyìnbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ bá ń yí, mo bá jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀. Ìyá tí mo wá tọ́jú ló wé táwẹ́ẹ̀lì mọ́ra, ló fa okùn tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, ló ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé mo ti fẹ́ fi Delight sílẹ̀.

Mo lọ bá Àǹtí Meena jà. Delight tẹ̀lé mi, ó gba fọ́ọ̀mù náà kà. O mọ̀ pé àwọn ọmọ ìhín kì í lo "ẹ." Ó ní, "Mọ́mì, ta nìyí? O kì í sùn. Ògiri lo máa ń dì mú tó o bá fẹ́ dìde." Òun ló wá dáhùn fọ́ọ̀mù tuntun. Afẹ́fẹ́ ni mí. Oúnjẹ gbígbóná, epo, iṣu àti oorun ló yẹ mí, gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún. Àǹtí Meena ní kí n tètè lọ rí dókítà ná. Nígbà tí dókítà béèrè bí ara mi ṣe rí, mo ti fẹ́ sọ pé dáadáa ni, Delight tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó rárá. Mo ti ń lo oògùn, mo sì ti fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Bá mi kí Ìyá àti àwọn ọmọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mo kọ ọ́ lókè pé ara mi le koko. Mi ò ní fagi lé e, kí o lè rí bó ṣe máa ń bọ́ lẹ́nu mi. Ó rẹ̀ mí, Látífà. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́. Ìwọ náà kọ ọ́ sí mi pé ò ń gbádùn. Jọ̀ọ́, tún un kọ.

Èmi ni tìrẹ, tó ti padà sídìí iṣu,
Rosaline.