Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Pátánì

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Òkè ilé àwọn tó ń ta jígí ojú,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tí mo ní kí n tó ní ọkọ,

Kí n tó kí ọ rárá, bó bá jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ bí o ti ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́, gbé e sílẹ̀. Bí pátánì aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá bá wà lórí tábìlì rẹ, má gún píìnì mọ́ ọn, má fa ṣọ́ọ̀kì sí i lára mọ́, má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Kọ́kọ́ jókòó ná.

Ó yá, kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àkọ́bí rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun ń mu ọmú dáadáa? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ jù lórí máṣíìnì? Bí o bá bi mí ní tèmi, ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi. Mo pe fóònù rẹ títí, ohùn obìnrin kan náà ló ń dá mi lóhùn pé kò sí lórí ìlà, ni mo bá rántí pé o ní ó ti já sínú bákẹ́ẹ̀tì omi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí, tí mo sì fi í lé dírẹ́bà tó máa ń gbé ẹrù wa lọ́wọ́. O mọ̀ pé ọjọ́ Ajé nìkan ló ń wá sọ́dọ̀ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé yìí ì bá ti dé láti ọjọ́ Ẹtì.

O mọ àbíkẹ́yìn mi. O mọ̀ pé láti kékeré, bí a bá fún un ní búrẹ́dì, bébà tí wọ́n fi wé e ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá àyè wà lára rẹ̀ láti ya nǹkan sí. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán kan lókè òkun, kò sọ fún mi títí wọ́n fi dá a lóhùn. Ọjọ́ tó sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí n rán ìka mi mọ́ síìpù. Mo ní kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ó ní yíya àwòrán ni. Mo ní, "Èyí tí o ti ń yà láti ọjọ́ yìí, ta ló kọ́ ọ?" Onídìrí tó wà nísàlẹ̀ ilé wa fi tirẹ̀ kún un, ó ní, "Àwòrán! Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń wọ bàlúù lọ kọ́? Èmi tí mo ti ń dirí fún gbogbo àdúgbò láti ogún ọdún, n kò tíì kúrò lórí àpótí yìí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ̀rọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹyin lohùn, èmi ni mo sì jẹ́ kó bọ́. Mo ní kò ní lọ. Mo ní ta ni yóò máa rán an létí kó jẹun, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ti mú pẹ́ńsù, ó ti gbàgbé pé òun ní ikùn nìyẹn. Mo ní ilé yìí ti ṣófo tó láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná ń gun òpó káàkiri, bí fóònù bá ti dún, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó wo ẹni tó ń pè mí. Ṣé kí n wá tún máa di fóònù mú lójoojúmọ́ nítorí ẹlòmíràn tó wà níbi tí òtútù ti ń mú irin gbọ̀n? Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wí bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ń ya tirẹ̀ lọ.

Àwọn àwòrán tó fi wọ̀ wọ́n lójú níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ni. O rántí pé oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi wà lórí ibùsùn. O sì mọ bí àwọn tó ń tún aago ṣe ti rí, ọwọ́ wọn kì í gbélẹ̀. Nínú àìsàn yẹn, aago kan ṣoṣo ló ń tú, á tò ó padà, á tún tú u. Ọmọ yìí á jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa yà á. Bébà ńlá mọ́kànlá. Èmi kò wo ọ̀kankan nínú wọn nígbà náà. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ti tó mi í wò. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ká gbogbo wọn pọ̀, ó kì wọ́n sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi kí omi má baà kàn wọ́n. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Fọ́tò wọn ló fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu olùkọ́ tó kọ́ ọmọ náà ní yíya àwòrán ní girama ni mo ti gbọ́ èyí, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹni méjì ni àwọn fẹ́ fún ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó sì ku mẹ́rin, ọmọ mi wà nínú mẹ́rin náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ènìyàn ti ń fi àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà tan àwọn jẹ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ kó bébà náà gan-an síwájú kámẹ́rà, kí àwọn rí i, iwájú àti ẹ̀yìn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n tiẹ̀ sọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: ìkẹyìn wọn, èyí tó yà nígbà tó ku ọ̀la kí bàbá rẹ̀ kú, níbi tó ti gbé aago náà sétí, tó ń gbọ́ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló bá mi lójijì. O rántí bí wọ́n ṣe ń kán wa lójú, mo sì ní kí n tètè gé pátánì kí ìwọ lè bẹ̀rẹ̀ ìdajì tìrẹ. Bébà mi ti tán. O ṣáà mọ̀ mí. Ojú rẹ ni ìyá ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́ ṣe sọ mí ní Má-fi-ṣòfò, nígbà tí mo gé kọ́là lára kàlẹ́ńdà, tí mo gé apá aṣọ lára àpò sìmẹ́ńtì, tó ní bí ẹ bá ti ọmọ yìí mọ́ ilé tí kò sí bébà, ògiri ni yóò gé. Mo ki ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá bébà pàdé. Ó ki, ó lágbára, ó dùn ún dì mú bí awọ. Inú ni wọ́n ká ojú rẹ̀ sí, ẹ̀yìn funfun ló wà níta. Mo ní ọmọ yìí ti fi èyí ṣeré tán. Mo dojú rẹ̀ bo tábìlì, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé igun kan, mo gbé agolo bọ́tìnnì lé èkejì, mo fa ṣọ́ọ̀kì, mo gé. Mẹ́rin ni mo gé nínú mọ́kànlá. Inú mi tiẹ̀ dùn sí bí ọrùn rẹ̀ ṣe yí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló wá wọn, ó bá méje. Mo ń tẹ́ ọ̀kan nínú pátánì náà sórí aṣọ funfun lọ́wọ́ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rìn wá sídìí tábìlì, ó mú un, ó yí i padà. Èjìká bàbá rẹ̀ ni. Ìgbà tí òun rí i ni èmi náà rí i.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà ti ní n kò ní lọ. Ẹnu tí ẹ fi sọ ọ́ ti tó." Ó ká ègé náà, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wa, bí ayálégbé àti onílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé ní Sátidé, ó fẹ́ fi ẹ̀rín pa á, ó ní, "Ẹ wò ó, Dádì tí kì í fẹ́ wọ kọ́là, Mọ́mì ti sọ wọ́n di kọ́là." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun tó sọ ọ́ gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ọkùnrin gìrìwò bí irú ẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì irinṣẹ́ nídìí.

Olùkọ́ yẹn ló ní kí ọmọ náà kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní kó kó o wá bó ṣe wà, gígé tàbí odindi, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni àwọn fẹ́ rí. Èyí tí kò bá pé, àwọn kò lè kà á sí. Ni mo bá da àpò ìgékù mi sílẹ̀. O mọ̀ pé n kì í da ìgékù nù. Sátidé àti Sọ́ńdè, orí eékún ni mo wà, mo ń ṣa ègé bébà láàárín ègé aṣọ, mo ń tò wọ́n pọ̀ bí olóògbé ṣe máa ń to aago. Ọmọ náà wá dúró lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ègé kan tí mo tò sódì, ó yí i sí bó ṣe yẹ, ó sì lọ. Mẹ́ta ti pé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìkẹrin ni kò pé, ìkẹrin náà sì ni ìkẹyìn tí wọ́n bèèrè. Aago náà wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín, àti ìka mẹ́ta, àti ìrọ̀rí. Ojú olóògbé ni kò sí. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ojú rẹ̀ wà, lẹ́yìn pátánì iwájú àyà, ti ìwọ̀n àárín, èyí tí mo kọ "gé méjì" sí lára. Èjìká kejì wà lẹ́yìn pátánì apá.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo tẹ́ bébà yẹn, mo rí ipa pẹ́ńsù létí rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni, bí irun imú. Mo rí i. Kí n yí i padà wò, kò lè gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, n kò yí i padà. Mo ní lọ́kàn mi pé eré tó fẹ́ bá lọ sókè òkun náà nìyẹn. N kò mọ̀ọ́mọ̀ gé bàbá rẹ̀, ìwọ mọ̀ pé n kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò wò ó. Oṣù mẹ́rin ni n kò fi wo ohunkóhun tí ọmọ yẹn ń yà. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tèmi ló ṣẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ni mo gé.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ọkàn mi ti gbà kó lọ. Bí mo bá ti kọjá níwájú yàrá rẹ̀, tí mo rò ó pé bẹ́ẹ̀dì yẹn máa ṣófo, inú mi á dàrú. Ṣùgbọ́n bó bá máa dúró tì mí, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì mi ló dá a dúró. Ta ló fẹ́ máa bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹun lórí tábìlì kan náà?

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, dírẹ́bà yìí máa wà lọ́dọ̀ yín lónìí àti lọ́la, àárọ̀ Ọjọ́rú ló máa gbéra. Wá ègé méjèèjì fún mi. Bó bá ti ya, má lẹ̀ ẹ́. Bí píìnì bá ti lu ú, kò burú. Ṣọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀, má gbọ̀n ọ́n, má nù ún, torí pẹ́ńsù máa bá a lọ. Má ṣẹ́ ẹ po. Páálí gígùn tí wọ́n máa ń ká aṣọ sí lára ni kí o ká a sí, kí o fi láínììn wé e, kí dírẹ́bà sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kó má gbé e sábẹ́ ẹrù. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ bá ti dà á nù, tú ilẹ̀ tí ẹ gbá kí o tó sọ fún mi pé kò sí. Bí kò bá sì sí lóòótọ́, má fi ọ̀rọ̀ dídùn wé e fún mi, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè mọ bí n óò ṣe jókòó ti ọmọ náà ní Ọjọ́bọ̀. Mo fi pátánì mìíràn sínú àpòòwé yìí kí iṣẹ́ rẹ má baà dúró. Àpò sìmẹ́ńtì ni. Mo yẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí n tó gé e.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí Ọlọ́run bá wa fi ọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà. Bá mi kí ìyá ọmọ tuntun, sọ fún un pé aṣọ tí mo ṣèlérí ń bọ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, má sì nà wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ yìí o, bó ti wù kó rí. Bí o bá ti rí pátánì iwájú àyà yẹn, kí o tó ká a, yí i padà. Rọra wò ó dáadáa, nítorí èmi kò wò ó nígbà tó wà lódindi.

Bá mi kí i.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Má-fi-ṣòfò.