Ìpáàrà Ara Sùtánà Yín

Ìyá mi, abiyamọ tòótọ́,

Ilé ò burú. Omi ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé yín ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀: bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, á mọ́ gaara, kó tó di ìrọ̀lẹ́, irin inú rẹ̀ á ti mú un pọ́n bíi tíì. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Òkìtìpupa. Lẹ́yìn tí a sin yín, ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá tí n kò sunkún. Àwọn ará ilé ń wò mí lójú, wọ́n ń retí rẹ̀. Mò ń jẹ púpuru, mò ń sùn, mò ń gun ọ̀kadà lọ sílé ìwé, àfi bíi pé aládùúgbò kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ṣé bó ṣe rí lára yín náà nìyẹn nígbà tí bàbá lọ?

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì tó kàn nígbà tí mo padà ni ti àwọn irin tó máa ń fún omi láwọ̀. Mo po iyọ̀ bàbà, kọ́pà sọ́féètì, mọ́ omi nínú ife, ó ṣe búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Omi ló yí bàbà yẹn ká tó fún un láwọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán amóníà sí i. Ó kọ́kọ́ dì bí ògì, nígbà tó yá, amóníà lé omi dìde, ó jókòó sáyè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá di aró. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bàbà kan náà ni, àwọn tó yí i ká ló pààrọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn ara mi, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé ẹ rán mi lọ kọ́ kẹ́mísìrì, mo bọ̀ wá di alágbàfọ̀, nítorí pé mo ní kí ẹ yé fi bílíìṣì fọ ìpáàrà omi wa lára aṣọ funfun. Inú Bíbélì lẹ ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìpáàrà. Ẹ kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Ìyá Kékeré, àbúrò yín, wá gba sùtánà yín tó kù, torí èkejì lẹ wọ̀ lọ sí sàréè. Ìjọ fẹ́ fún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi. Ìpáàrà díẹ̀ wà létí aṣọ náà, Ìyá Kékeré kò bi mí, ó rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bílíìṣì kì í lé irin lára aṣọ, ńṣe ló ń jẹ́ kó dógùn-ún síbẹ̀. Gbogbo aṣọ pọ́n. Ó gbé e wá bá mi tẹkúntẹkún, èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

N kò fẹ́ kí aṣọ yẹn lọ. Ìwọ̀nba tó kù tó ní ara yín nínú nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní agbára tí mo lè fi jiyàn. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu iyọ̀ lé e, mo sá a sóòrùn. Kíkan inú ọsàn yí irin náà ká, ó fà á kúrò lára òwú, wọ́n jọ bá omi ìṣanṣọ lọ. Aṣọ funfun. Mo ká a, mo fi lé Ìyá Kékeré lọ́wọ́. Ṣé ó yẹ kí n fi pamọ́ ni? Ta ni n bá bi?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òde-Ayé, mo jókòó sẹ́yìn. Bí orin ṣe ń lọ, ẹnì kan dìde láàárín àwọn obìnrin níwájú. Mo rí èjìká òsì sùtánà yín, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín rán, tó wọ́. Ó rọra gbé etí aṣọ sókè kó tó kúnlẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Èmi náà dìde. Mo ké pé, “Ìyá mi!” mo ṣubú lulẹ̀, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lu agogo. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé mi. Wọ́n gbé àbẹ́là yí mi ká, akọ̀wé àwọn aríran mú bírò lọ́wọ́, wòlíì fi etí sí ẹnu mi. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, wọ́n ń dúró de iṣẹ́ tí ọ̀run rán mi. Ìyá mi, n kò ní iṣẹ́ kankan láti jẹ́. Ẹ̀yin ni mo pè, ẹ ò sì dá mi lóhùn.

Ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi,
Ọmọ yín.