Orúkọ Ìyá Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó ná kí ẹ tó gbọ́ èyí. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, Ìyá Iléṣà, ti kú. Bóyá ẹ tiẹ̀ ti fojú kan ara yín lọ́run lọ́hùn-ún, èmi ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Mo pè wọ́n lórí fóònù lánàá, ọmọ wọn ló gbé e, ẹkún ló fi dá mi lóhùn.

Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi wọ́n, àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Osayi, ọmọ mi obìnrin, àti àbúrò rẹ̀ ń ya igi ìdílé, tí wọ́n ń to orúkọ ìran ẹni sí, sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí. Apá ti bàbá wọn ti kún. Ó gbé wọn lọ sí Ekiadolor, ìlú rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń ka àwọn baba ńlá wọn bí ẹni ń ka ABD. Ní apá tèmi, ẹ̀yin wà níbẹ̀. Lókè yín, níbi tó yẹ kí ìyá yín wà, òfìfo ni. Mo ní kí wọ́n kọ "Ìyá Àgbà" síbẹ̀.

"Mummy, that one no be name o. You sef no sabi am?"

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ìyá yín kú lóṣù tí ẹ bí mi, ẹ sọ mí ní Yétúndé, ó parí. "Ìyá mi" lẹ ń pè mí láti ìgbà yẹn. Orí ẹja inú àwo yín, tèmi ni. Ẹ ó mú pàṣán, ẹ ó tún gbé e sílẹ̀: ta ní í na ìyá ẹ̀? Mo bi Màmá. Ìyàwó ilé ò kúkú gbọdọ̀ pe orúkọ ìyá ọkọ, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn ọmọ yìí ń gbọ́ Yorùbá, Pijin ni wọ́n fi ń fèsì. Bí àyè yẹn bá ṣófo títí, ṣé wọn ò ní rò pé ibi tí mo ti wá ò ní gbòǹgbò?

Osayi ti fi pẹ́ńsù kọ Yétúndé síbẹ̀. Mo wà lókè yín, mo tún wà nísàlẹ̀ yín. Ṣé ìyá yín wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni, àbí èmi náà ni wọ́n lóòótọ́? Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n. Osayi ò tíì fi bírò tẹ̀ ẹ́. Bó jẹ́ ojú àlá lẹ ti sọ ọ́ fún mi, ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni,
ìyá yín kékeré, ní Uwasota.