Bọ́ọ̀sì Wa Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ẹ̀gbọ́n mi Lánípẹ̀kun,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ẹ̀yin àti ìyàwó yín? Ẹsẹ̀ Màámi ti ń san, wọ́n ní kí n kí yín.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ẹ rà fún wa ń ná Ìperu sí Ṣàgámù dáadáa, àmọ́ gbogbo Sátidé tá a bá gbé e sílẹ̀ nítorí Ìsinmi tí ìjọ wa ń pa mọ́, ọlọ́kọ̀ mìíràn á kó èrò wa, àwọn èrò náà kì í sì í padà sọ́dọ̀ wa ní Mọ́ńdè.

Sátidé tó kọjá, àdúrà là ń gbà lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo gbọ́ hóònù bọ́ọ̀sì wa lójú títì. Fàsásì, dírẹ́bà wa, ti gbé e jáde láìsọ fún mi. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ tètè fèsì.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi pé inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ hóònù yẹn.

Àbúrò yín,
Dásọ́lá