Oògùn Tí Wọ́n Fín Lẹ́yìn Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Ìròyìn ayọ̀. Àwọn Olóore — orúkọ tí mo sọ àjọ tó fẹ́ fowó ran oko ìlú wa lọ́wọ́ — ń bọ̀ wá wo oko lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbẹ́ kànga, wọ́n á ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n á fún wa ní ọmọ igi sí i. Àdéhùn kan ṣoṣo: oògùn apakoríko tàbí ti kòkòrò kankan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rin rèé tí èmi àti Àbúrò, ọmọ ìyá mi, ti gbin igi àkọ́kọ́ síbẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀wà láàárín òroǹbó, koríko gígé la fi ń bo ilẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ wa. Wèrè ni wọ́n pè mí nígbà náà. Wèrè ti fẹ́ ní kànga.

Ẹtì, 7
Ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń dá oko náà. Alága wa — Gbohùngbohùn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí bó bá tọrọ iyọ̀ nílé, gbogbo àdúgbò á gbọ́ — dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn mi pàtàkì, oko yìí ti di igbó! Ṣé inú igbó la ó ti gba àlejò?" Mo ní koríko tó sùn sílẹ̀ yẹn, aṣọ ilẹ̀ ni, ohun tí àlejò fẹ́ wá rí gan-an nìyẹn. Télọ̀, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, ní, "Tíṣà, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ó ku ẹnu yín." Ẹ̀rín sọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń gbèjà mi ni.

Àìkú, 9
Àbúrò ní kí n lọ wo ọmọ tí ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi. Àwa wà ńlẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀. Ẹni tí kì í gbé àwo tó fi jẹun kúrò nílẹ̀!

Ọjọ́rú, 12
Ọmọ náà ń wò mí bí ọ̀gá tó wá bẹ ilé ìwé wò. Mo ń gbádùn.

Àbámẹ́ta, 15
Mo dé. Ìyàwó mi ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ kí n tó béèrè — ó yẹ kí n ti fura. Mo gba oko lọ.

Koríko ti pọ́n láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn dé láàárín òjò. Ewé ẹ̀wà ká kò. Òórùn oògùn yẹn — kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Mo bá Àbúrò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n fi fín in wà lára ògiri, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣebí bí àlejò bá ń bọ̀, èèyàn á gbálẹ̀? A kàn gbálẹ̀ ni." Ta ni "a"? Gbogbo wọn. Wọ́n ṣèpàdé lọ́jọ́ kejì tí mo lọ. Mi ò sí níbẹ̀ torí wọ́n ti ṣètò pé mi ò ní sí níbẹ̀.

Mo bi ìyàwó mi. "Bàbá wọn, mo mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ." Ó ń bu oúnjẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ta ló pọn omi tí wọ́n fi po oògùn? Ó fi ẹran kan kún un.

Àìkú, 16
Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ara mi ti ń balẹ̀.

Ọjọ́rú, 19
Obìnrin kan ló ṣáájú Àwọn Olóore, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Gbohùngbohùn ṣì ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ — "lọ́jọ́ mánigbàgbé yìí" — tí obìnrin náà ti kúnlẹ̀ sínú oko, tó bu ilẹ̀, tó gbóòórùn rẹ̀. "Ta ló fín oògùn síbí?"

Mi ò rò pé màá pẹ́ láyé tó láti gbọ́ kí Gbohùngbohùn dákẹ́.

Obìnrin náà ní bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ẹnì kan, kí ẹni náà kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ilẹ̀ sinmi, àwọn á padà wá.

Ni Gbohùngbohùn bá rí ohùn rẹ̀. "Tíṣà wa ni. Àgbà ti dé, ojú ò ríran mọ́, wọ́n rò pé ajílẹ̀ ni." Ajílẹ̀! Èmi!

Obìnrin náà yíjú sí Àbúrò: ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbúrò ń wo bàtà ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó wá kàn mí. Mo wo àwọn igi òroǹbó. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹtì, 21
Wọ́n ti yọ orúkọ mi. Gbohùngbohùn wá kí mi, ó ní ìtàn ò ní gbàgbé mi. Mo ní ṣé ìtàn gbọ́, àbí kó tún pariwo sí i.

Nírọ̀lẹ́, Àbúrò wá kó àwọn ọmọ igi tí mo ń tọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Òun ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ìyàwó mi bá a gbé wọn. Èmi ò dìde. Àbúrò dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la ó wá máa lò sí koríko báyìí?"

"Ọwọ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà wò ó.