Ẹsẹ̀ Kẹrin Tábìlì Alhaja

Ọjọ́ Ajé, 3/6/2024
Alhaja Fàtímọ̀ fẹ́ tábìlì ìjẹun tuntun kí Iléyá tó dé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, lílọ́ ni, bí okùn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbẹ́ irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ògúnlàdé ní Ilo-Awela, ní Sango yìí. Lónìí Ọ̀gá ò wojú mi. Ó ní, "Abísọ́lá ni kó gbẹ́ ẹ. Ṣótúndé, ìwọ bá a ṣa igi." Ọmọbìnrin tó ti Ìkìrun dé lẹ́nu ọdún méjì péré! Ìkìrun náà ni màá máa pè é níbí.

Ọjọ́rú, 5/6
Ìkìrun ti parí ẹsẹ̀ kan. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wé igi róbótó, ó fa ìlà tẹ̀ lé e, ó fi ayùn là á, ó wá ń fi fáìlì ha á — wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó jáde, mo fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀. Kò síbi tó kọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 6/6
Mo ki igi àpá tútù kan sáàárín àwọn tó gbẹ. Igi tútù a máa là bó bá ń gbẹ; mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 10/6
Ẹsẹ̀ kẹrin ti là, láàárín ibi tó lọ́ gan-an. Ọ̀gá bú Ìkìrun lójú gbogbo wa. Ó bi èmi náà léèrè igi. Mo ní gbígbẹ ni mo kó fún un, bóyá ó gbé e sínú òjò ni. Ìkìrun wò mí. "Ẹ má bínú, sà," ohun tó sọ fún Ọ̀gá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n gbẹ́ òmíràn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn — díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14/6
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbẹ́ ẹ. Ó ki níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn. Sáńpépà ò rí i tún ṣe. Ìkìrun ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n bá yín fọwọ́ kàn án?" Mo ní rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15/6
A gbé tábìlì dé ilé Alhaja l'Ọ́tà. Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níbi ìkẹrin.
"Ògúnlàdé, ta ló gbẹ́ èyí? Kò jọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀."
Ọ̀gá wò mí. Ó wá ní, "Ẹ forí jì wá, Alhaja. Ọmọbìnrin yìí ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dúró."
Èmi ló ń bò láṣìírí. Ìkìrun ti ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní èmi ni mo gbẹ́ ẹ, mẹ́ta tó dáa yẹn, tirẹ̀ ni. Mo ní èyí tó là, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní igi tútù.
Ọ̀gá ní ká sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Bóyá iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn. Nínú ọkọ̀, Ìkìrun kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi dé Sango.
Mo ti sọ òótọ́. Owú náà ò lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ṣì wù mí kó jẹ́ tèmi.