Kámẹ́rà Tí Kò Ríran

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń jẹun. Òrùlé ẹ̀yìn kò jò mọ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ń bá mi kọ èyí, torí ohùn mi á gbọ̀n bí mo bá sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù.

Ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tú wò lo fi sínú kọ̀ǹpútà mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ̀, tí à bá fi máa rí ojú ara wa, kò ríran. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ló ni dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń darí rẹ̀, wọ́n sì tì í pa.

"Bàbá, ẹ ṣáà tẹ 'Mo gbà', kí n fi tiwọn sí i," ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wí.

"Kí ni mo gbà? Kà á."

Ó kà á títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tú u wò láé. Mo ní bàbá wa kò ra ọkọ́ tí wọ́n ní kó má yọ èèkù rẹ̀ rí. Mo lé e lọ.

Àmọ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ohùn rẹ nìkan ni mo ń gbọ́. Ilé yìí dákẹ́ jù. Lánàá, mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà padà, mo sì tẹ 'Mo gbà'. N kò gbà o, àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, jọ̀wọ́ tan kámẹ́rà tìrẹ náà, kí o jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ